Bí A Ṣe Fi Iná Kun Igi Ọ̀gànwó Nínú Òkùnkùn

Ọ̀wọ̀,
Ní ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́.

Fọlákẹ́ ọmọ mi,

Dẹ́rẹ́bà tó ń kó kòkó láti Òkèlúsẹ̀ já lẹ́tà rẹ lé mi lọ́wọ́ lánàá, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn pé ara le ìwọ àti ọkọ rẹ, àti pé ilé tí wọ́n fún Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé kò jò. Mo ka lẹ́tà náà sókè fún bàbá rẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé o ti ti kámẹ́rà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé o ò ní í fọwọ́ kàn án mọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, ìwọ ni kí o dá a lóhùn. Bí èmi bá kọ ọ́, á dà bíi pé mò ń bínú."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ èmi ni mo mú kálàmù. O mọ̀ pé n kì í kọ̀wé gígùn, àmọ́ èyí á gùn, kí o wá ibi jókòó sí.

O ní o fẹ́ ya ilé ìwé àti àwọn igi ọ̀pẹ ẹ̀yìn rẹ̀ lálẹ́, kí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sí ilé ìwé ọ̀fẹ́ yìí lè rí i lára ògiri ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ. O ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀, o gbé àtùpà gáàsì, o rìn yí ibẹ̀ ká. Nígbà tí o fọ àwòrán náà, ìlà funfun wúruwùru lo bá níbẹ̀, bí ibi tí adìẹ ha. Àwọn ìyàwó ilé ọkọ rẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, pé kí lo ń wá nídìí ẹ̀.

Ọmọ mi, èmi náà ti ha irú ìlà yẹn rí. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ, kí n sì máa ki ìmọ̀ràn bọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń lọ. Bí o bá rí i pé mo fò láti ibì kan sí ibòmíràn, fara dà á, ẹ̀wà wà lórí iná, mo sì ń dìde lọ wò ó.

O mọ àwòrán igi ńlá tó wà ní pálọ̀ wa, èyí tí màmá àgbà kan jókòó sídìí rẹ̀. Ilé ìwé àwọn tíṣà obìnrin lo wà nígbà tí a yà á, torí náà o ò mọ bó ṣe jẹ́. Abúlé kan ni, lójú ọ̀nà Elégbèka. Igi ọ̀gànwó ni igi náà, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn tó tẹ abúlé yẹn dó ti kọ́kọ́ sùn. Yèyé Adétutù ló dàgbà jù níbẹ̀. Abẹ́ igi náà ni ìyá rẹ̀ bí i sí. Nígbà tí ìjọba wá ń la títì, ibi tí igi yẹn dúró sí gan-an ni títì fẹ́ gbà. Òkúta wà lápá kan, àbàtà wà lápá kejì, kò síbi tí wọ́n lè yà sí.

Ni abúlé bá pín sí méjì. Àwọn àgbà ní igi ò ní í wó. Àwọn ọ̀dọ́ ní títì gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹni tó ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ ni Akin, ọdẹ ni, ọmọ ọmọ Yèyé fúnra rẹ̀ sì ni. Lọ́dún tó ṣáájú, ìyàwó Akin rọbí, kò sì rí ọmọ bí. Wọ́n gbé e sórí àga, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé e bọ̀ lọ́nà oko, kí wọ́n lè dé ibi tí wọ́n á ti rí ọkọ̀ wọ̀ wá sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Ojú ọ̀nà ló kú sí, tòun ti ọmọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Akin kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan ń dárúkọ igi. Òun àti Yèyé kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí katakata tó máa wó igi dé, àwọn àgbà yọ àdá, àwọn ọ̀dọ́ náà yọ àdá. Yèyé ló jáde sí àárín wọn. Ó ní, "Ẹ lọ pe onífótò wá. Bó bá lè fi igi yìí sínú àwòrán fún mi bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, kí èmi náà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gé e. Bí kò bá lè ṣe é, èmi lẹ máa kọ́kọ́ gé."

Bí wọ́n ṣe wá pe bàbá rẹ nìyẹn. Mo bá a lọ torí pé èmi ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń di àwọn gíláàsì tí fótò ń wọ̀ sí kí wọ́n má fọ́ lójú ọ̀nà. Kí a tó kọjá Ìdásẹn, lọ́rì dákú. Oòrùn ti wọ̀ tipẹ́ kí a tó dé. Ọ̀gá àwọn tó ń la títì ti dúró títí, ó ti sú u. Ó ní bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ báyìí ni òun máa gbé katakata sí i. Bẹ́ẹ̀, àfonífojì ni ibẹ̀, ìkùukùu máa ń bò ó ní ìdájí débi pé o ò ní í rí ọwọ́ ara rẹ títí oòrùn á fi mú. Òru yẹn nìkan la ní.

Bàbá rẹ tan iná fótò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti wò ó. Ó kọ yẹ̀rì. Gbòǹgbò igi àti ewúrẹ́ kan la rí, gbogbo òkè igi ṣókùnkùn bíi pé kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà wo ara wọn. Mo rí i tí ọ̀kan nínú wọn tún fọwọ́ kan àdá rẹ̀.

N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ojú kámẹ́rà yẹn, ṣé ó lè wà ní ṣíṣí bí a bá ṣe fẹ́ kó pẹ́ tó?"

Ó ní, "Ó lè wà bẹ́ẹ̀."

"Bó bá wà bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò lè máa fi iná kun igi náà díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń kun ògiri? Ní Àkókó lọ́dọ̀ wa, bí a bá ń kun ilé, a kì í da ọ̀dà lé e lẹ́ẹ̀kan náà. A máa ń fọwọ́ rìn ín ni."

Ó wò mí. Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù.

Ó dáa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú rèé: kí o fi ẹsẹ̀ mọ ibẹ̀ kí o tó ṣí kámẹ́rà. Ìwọ ní ọ̀sán tí o lè fi ṣe é, àwa ò ní. Mo gbé láńtánì, mo rìn yí igi náà po, mo ń fi ẹsẹ̀ wá gbòǹgbò, mo ń wá ihò. Rìn ín títí ẹsẹ̀ rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìwolẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé láńtánì kékeré sídìí ohun tí o fẹ́ yà, kí o fi ojú kámẹ́rà wá a títí á fi mọ́ kedere, kí o wá gbé láńtánì kúrò. Bí o bá ń fojú wá igi nínú òkùnkùn lásán, o ò ní í rí i. Bàbá rẹ sì fi òkúta sínú àpò, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ kámẹ́rà kó má bàa mì. Ó ní kí n rán ọ létí èyí dáadáa, torí ó mọ̀ pé o fẹ́ràn láti máa gbé kámẹ́rà sórí tábìlì tó ń jó.

Aṣọ dúdú ni kí o wọ̀. Mo yá aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú kan lọ́wọ́ opó kan lábúlé náà. Má wọ aṣọ funfun, má wọ ẹ̀gbà tó ń dán. Má dúró sójú kan. Bí o bá ń rìn láìdúró, kámẹ́rà ò ní í rí ọ. Bí o bá dúró sinmi, á ya ọ́ bí iwin.

Mo gé agolo kẹrosíìnì, mo fi bo ẹ̀gbẹ́ kan àtùpà gáàsì, kí ìmọ́lẹ̀ lè lọ sára igi nìkan. Níbi yìí ni àṣìṣe tìrẹ wà, Fọlákẹ́. Àtùpà rẹ ń wo kámẹ́rà lójú. Ibikíbi tó bá ti wò ó, ìlà funfun ni. Jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ tàbí páànù máa wà láàárín iná àti kámẹ́rà nígbà gbogbo.

Èmi tí mò ń kọ́ ọ yìí, ṣé o rò pé mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà? Gíláàsì tí a kọ́kọ́ lò, àwọn ènìyàn abúlé ló bà á jẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí a ń ṣe. Ọ̀kan gbé ògùṣọ̀ kọjá níwájú kámẹ́rà, ó ń béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Gíláàsì kejì, èmi ni. Mo ti kun ìsàlẹ̀ igi, mo ń lọ sí apá kejì, ni ẹsẹ̀ mi kọ gbòǹgbò. Àtùpà yí padà, ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan.

Bàbá rẹ fi igbe ta. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa ara wọn ni?" Gbogbo abúlé gbọ́ ọ. Ojú tì mí. Mo gbé àtùpà kalẹ̀, mo lọ jókòó sórí gbòǹgbò. Mo sọ lọ́kàn mi pé n kò tún gbé e mọ́, kí ọlọ́gbọ́n wá gbé e.

Yèyé jókòó nítòsí nínú òkùnkùn, ibi tí a fi í sí kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní, "Ọmọ Àkókó, sún mọ́ mi." Mo sún mọ́ ọn. Ó fà mí lọ́wọ́, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ara igi. Èèpo rẹ̀ rí jágajàga, ó sì tutù. Ó ní, "Ọkọ rẹ ń bẹ̀rù ni. Èmi náà ń bẹ̀rù. Ọmọ ọmọ mi yọ àdá sí mi lónìí." Kò sunkún. Ó kàn di ọwọ́ mi mú síbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá rẹ wá dúró níwájú wa. Ó ní, "Ìyá Fọlákẹ́, má bínú. Gíláàsì kan ló kù. Bí ìwọ ò bá gbé iná, n kò mọ ẹni tí màá fún."

Mo gbé e.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fótò nìkan, ọmọ mi. Ìwọ àti Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Bí ẹ bá jọ ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, ẹ fi ohùn kékeré bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "ṣí i," "bò ó," "ó tó." Láti òru yẹn, bàbá rẹ kò tíì pariwo mọ́ mi nídìí iṣẹ́ mọ́. Nídìí oúnjẹ ńkọ́? Ìyẹn ọ̀tọ̀.

Àmọ́ ìṣòro kan kù. Àtùpà ò lè dé orí igi. Ọ̀gànwó yẹn ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Tọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ dé ìdajì rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. À ń sọ èyí lọ́wọ́, ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa pé, "Irú iná wo lẹ ń wá?"

Akin ni. Mo ti rò pé ìjà ló bá wá. Iná ọdẹ wà níwájú orí rẹ̀, èyí tó ń lo káábáìdì, tó ń ta rẹ́kẹ́ lọ sọ́ọ̀ọ́kán. Bàbá rẹ ṣàlàyé fún un: kó má jẹ́ kí iná náà kọjú sí kámẹ́rà, kó máa gbá a lọ gbá a bọ̀ lórí ẹ̀ka, kó má dá a dúró. Akin ní, "Bí a ṣe ń wá ojú ẹran lórí igi náà ni." Kò wo ibi tí Yèyé jókòó sí. Ó kàn ní, "Ẹ ṣe é kí ó tó di pé ìrì bò ó."

Bàbá rẹ pàṣẹ pé kí gbogbo abúlé pa iná. Wọ́n pa á. Òṣùpá kò sí. Yan irú òru bẹ́ẹ̀, torí òṣùpá á kun gbogbo nǹkan bákan náà, kò ní í ku ohun tí ìwọ á ṣe. Bàbá rẹ ní, "Mo ṣí i." Mo bẹ̀rẹ̀. N kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ẹ̀gbẹ́ igi ni mo gbà, kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí èèpo, kí gbogbo jágajàga rẹ̀ lè yọ. Bí o bá tan iná láti ibi tí kámẹ́rà wà, igi á rí pẹlẹbẹ bíi pákó. Mò ń ka Àdúrà Olúwa jẹ́jẹ́ sínú, bí mo ṣe ń ṣírò àkókò nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan fún ibi tó sún mọ́ mi, mo tún un kà fún ibi tó jìnnà. Ògiri ahéré tó wà lẹ́yìn igi funfun, torí náà mo kàn fi iná kọjá lórí rẹ̀ ni. Ohun tó bá funfun kì í fẹ́ iná púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ kọjá sí apá kejì, màá ní, "Bò ó," bàbá rẹ á fi fìlà rẹ̀ bo ojú kámẹ́rà títí màá fi dé ibẹ̀. "Ṣí i." Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Akin ń kun òkè. Fọlákẹ́, bí o bá rí i! Ẹ̀ka ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú òkùnkùn, wọ́n tún ń padà sínú rẹ̀. Àwọn tó ti ń gbé abẹ́ igi yẹn láti kékeré ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Wò ó, ẹ̀ka tí oyin wà. Wò ó, èyí tí mo ti ṣubú." Àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà ló ń sọ ọ́. N kò mọ ẹni tó fẹ́ igi àti ẹni tó fẹ́ títì nínú wọn mọ́.

Nígbà tí Akin ṣe tán, ó ń padà bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Yèyé kọjá. Mo gbọ́ ohùn Yèyé: "Ṣé o ti jẹun?" Mo gbọ́ ti Akin: "N kò tíì jẹun, Yèyé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá rẹ wá tan iná fótò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí Yèyé, yẹ̀rì, ó sì fi fìlà bo kámẹ́rà. Rántí ìyẹn náà: ènìyàn ò lè jókòó láìmira fún àkókò tí igi fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Kun igi pẹ̀lú sùúrù, kí o wá fi iná ojú ẹsẹ̀ mú ènìyàn níkẹyìn.

Bàbá rẹ sọ fún Yèyé pé ó dá òun lójú pé àwòrán ti wọlé, Yèyé sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ìdájí dé, wọ́n gbé e lọ sí abúlé kejì kó má bàa gbọ́ ìró igi náà. Akin ló gbé e pọ̀n. Igi wó nínú ìkùukùu. A gbọ́ ọ, a ò rí i.

Bàbá rẹ fọ gíláàsì náà nílé, èmi sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá dúdú. Igi kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ahéré, lẹ́yìn náà Yèyé. Àwọn ìràwọ̀ fa ìlà tín-ín-rín lókè ẹ̀ka. Bàbá rẹ ní ilé ayé ló ń yí nígbà tí a ń ṣiṣẹ́. Èmi kò sí nínú rẹ̀ rárá. Àmọ́ ìlà iná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yèyé, ìlà tó tẹ̀ díẹ̀, ibi tí Akin ti yí orí padà nígbà tí màmá rẹ̀ àgbà bi í léèrè oúnjẹ. Mo ní kí bàbá rẹ gé etí àwòrán náà kúrò. Ó ní kí Yèyé kọ́kọ́ rí i ná.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Yèyé, ó fi ìka tọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn. Nígbà tó dé ìdí ìlà yẹn, ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, àṣìṣe ni. Iná Akin ni. Ẹ jẹ́ ká gé e." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ó ní, "Ẹ má gé e. Ibẹ̀ ló ti dá mi lóhùn."

Torí náà, ọmọ mi, fọ gbogbo èyí tí o bá yà, kí o sì wò wọ́n dáadáa kí o tó sọ wọ́n nù. Nínú gíláàsì tí àwọn obìnrin yẹn ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kí igi ọ̀pẹ kan ti jáde dáadáa ní igun kan. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, sọ fún un pé kí ó wá bá ọ bo kámẹ́rà lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá rí igi tó ń jáde nínú òkùnkùn, á tún padà wá.

Títì ti kọjá lábúlé yẹn báyìí, lọ́rì ń gba ibẹ̀ tọ̀sán tòru. Akin fẹ́ ìyàwó mìíràn. Nígbà tí ìyẹn náà rọbí, tí kò rọrùn, ọkọ̀ kòkó ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan ní ọsibítù kí ojúmọ́ tó mọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ká wá yà wọ́n, a gbé kámẹ́rà lọ. Yèyé gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ títì, ní ọ̀sán gangan. Bàbá rẹ wo ojú ọ̀run, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí àtùpà tí mo máa gbé lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà fún wa; èmi kàn di fìlà ọmọ mú kí atẹ́gùn lọ́rì má bàa gbé e lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí Ọlọ́run mú ọwọ́ yín dúró ṣinṣin, kó sì jẹ́ kí ilé yín tòrò. Ẹ̀wà ti ń jóná.

Èmi ni,
Màmá rẹ.